“Renew”: Ohun Tó Ti Wà Tẹ́lẹ̀ Ló Ń Bá Ṣiṣẹ́

Lórí ètò ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì wa tòní, ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ká gbé yẹ̀ wò: “renew”. R, E, N, E, W. Ẹni tí bírò bá wà nítòsí rẹ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ nínú yín. Ó wà lórí fọ́ọ̀mù pásípọ́ọ̀tù. Ó wà lẹ́nu awakọ̀ tí láísẹ́ǹsì rẹ̀ fẹ́ tán. Onílé ń sọ ọ́, ayálégbé ń sọ ọ́, tẹlifóònù tó wà lápò yín pàápàá ń fi í ránṣẹ́ sí yín. Nítorí pé ó wọ́pọ̀ bẹ́ẹ̀, a máa ń rò pé a ti mọ̀ ọ́n tán. A ó ní “renew” ni “sọ di ọ̀tun”, a ó sì máa bá tiwa lọ. Ìtumọ̀ náà kò burú, àmọ́ ó fẹ̀ jù. Lédè Yorùbá, bí a bá kun ilé ní ọ̀dà, a ti sọ ọ́ di ọ̀tun. Bí a bá pààrọ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọkọ̀ di ọ̀tun. Bí tọkọtaya tó ń jà bá parí ìjà, ìfẹ́ wọn di ọ̀tun. Bí a bá sanwó láísẹ́ǹsì fún ọdún mìíràn, òun náà di ọ̀tun. Òyìnbó kò ní fi “renew” sọ gbogbo rẹ̀. Nínú mẹ́rin tí mo kà yìí, méjì péré ló jẹ́ ti “renew”: láísẹ́ǹsì, àti ìfẹ́ tọkọtaya.

Kí ló pa láísẹ́ǹsì àti ìfẹ́ pọ̀? Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dì mú lálẹ́ òní nìyẹn. “Renew” ń bá ohun tó ti wà tẹ́lẹ̀ ṣiṣẹ́, ohun tí àkókò rẹ̀ fẹ́ pin tàbí tí agbára rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. Ó ń fún un ní àkókò mìíràn, tàbí agbára mìíràn, láìsọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Láísẹ́ǹsì náà ni láísẹ́ǹsì yín. Ìfẹ́ náà ni ìfẹ́ àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà wò. Apá méjì ló ní. “Re” tó ṣíwájú jẹ́ àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tó ti inú èdè Látìn wá. “Tún” tàbí “padà” ló dúró fún. “New” tó tẹ̀ lé e, ọmọ bíbí inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, láti ayébáyé. Nígbà tí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá ń parí lọ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì so méjèèjì pọ̀, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ Látìn kan, “renovare”, ṣe àwòṣe. Ẹ gbọ́ bó ṣe jọ “renovate” tí àwa náà ń lò? Inú “renovare” yẹn kan náà ni “renovate” ti jáde. Ó kàn pẹ́ ju “renew” lọ kó tó wọ èdè náà ni. Ọmọ ìyá ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ti pín ogún. “Renovate” gba ilé, ó gba gbọ̀ngàn, ó gba òrùlé àti ògiri. “Renew” gba ohun tí ọwọ́ kò lè gbá mú: àdéhùn, àṣẹ, okun, ìrètí, ọ̀rẹ́. Gbọ̀ngàn ńlá tó wà ní Igànmú l’Ékòó, National Theatre tí wọ́n kọ́ de àjọ̀dún àṣà FESTAC ọdún 1977, tí ìjọba sì fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sọ ní 2024, wọ́n ṣe àtúnṣe ńlá sí i. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ìyẹn lédè Òyìnbó, “They renovated the theatre” ni yóò sọ. Bó bá ní “They renewed the theatre”, ẹni tó gbọ́ ọ yóò dúró, yóò máa wo ẹnu rẹ̀.

Bí a ṣe ń pè é kò le. Sílébù méjì ni, orí èkejì ni kí ẹ gbé ohùn lé: ri-NÍÙ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Britain ń pè é. Ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ń gé e sí ri-NÚ. Èyí tí ẹ bá mú nínú méjèèjì tọ̀nà. Tó bá ti kọjá, “renewed”. Tó bá ń lọ lọ́wọ́, “renewing”. Tí a bá fẹ́ sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ, “renewal”. Ohun tó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀ sí ni “renewable”, a óò sì dé orí ìyẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ pàdé ọ̀rọ̀ yìí, ilé iṣẹ́ pásípọ́ọ̀tù. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà olójú-ewé 32 ń lo ọdún 5. Olójú-ewé 64 wà fún ọdún 10. Ti àgbàlagbà ní Britain àti ní Amẹ́ríkà, ọdún 10 ni. Bí ọdún náà bá ti ń pé lọ, ẹ ó lọ “renew” rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é rí mọ̀ pé ìwé mìíràn ni wọ́n máa fún yín, pẹ̀lú fọ́tò tuntun àti nọ́ńbà tuntun. Olùgbọ́ kan lè wá bi mí pé, ṣé kì í ṣe pé wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ni? Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn mi ni pé kì í ṣe bébà ni a lọ “renew”. Ẹ̀tọ́ tí ìjọba fún yín láti rìnrìn àjò lórúkọ orílẹ̀-èdè yín ni. Ẹ̀tọ́ yẹn kò já. Ó ti inú ìwé àkọ́kọ́ bọ́ sínú èkejì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní kí ẹ mú ti àtijọ́ dání wá.

Bí olè bá wá jí i ńkọ́? Tàbí tí iná bá jó o? Ọ̀rọ̀ ti yí padà. “Replace” ló bá a mu níbẹ̀, ìyẹn ni pé kí a fi òmíràn dípò èyí tí kò sí mọ́. Wọ́n á ní kí ẹ lọ gba ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, wọ́n á ní kí ẹ lọ búra nílé ẹjọ́ pé lóòótọ́ ló sọnù. Ẹ gbọ́ gbólóhùn méjèèjì: “I want to renew my passport.” “I want to replace my lost passport.” Ẹni tó bá sọ èkíní fún òṣìṣẹ́ ìjọba nígbà tó jẹ́ pé èkejì ló ní lọ́kàn, fọ́ọ̀mù tí kò kàn án ni wọ́n máa gbé fún un, ó sì ṣeé ṣe kó ti sanwó kó tó mọ̀. Bí ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì ọkọ̀ náà ṣe rí nìyẹn. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ pé, “renew”. Èyí tó bọ́ sọnù lápò, “replace”.

Ìwé tí a yá ní láíbìrì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí yékéyéké ju pásípọ́ọ̀tù lọ. Ká ní wọ́n fún yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, ẹ kò tíì kà á tán. Ẹ ó lọ bá òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ẹ ó ní, “I would like to renew this book.” Kò sí ohun kan tó máa ṣe ìwé náà. Wọn kò ní lẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọn kò ní pààrọ̀ èèpo rẹ̀, ojú-ewé tó ti ya kò ní jiná. Ọjọ́ ni wọ́n máa fi kún ọjọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń rò pé “renew” gbọ́dọ̀ mú kí nǹkan dán ju bó ṣe wà lọ, gbólóhùn láíbìrì yìí ni kó fi yẹ ìrònú rẹ̀ wò.

Ní ti ilé gbígbé, àwa ará Nàìjíríà ní ọ̀nà tiwa. A máa ń sọ pé “I want to renew my rent.” Láàárín ara wa, kò sí ẹni tí kò ní yé. Mi ò ní pè é ní àṣìṣe fún ẹni tó ń bá aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n “rent” jẹ́ owó, owó ilé tí a ń san. Òun kọ́ ni ọjọ́ ń pé fún. Ohun tí ọjọ́ ń pé fún ni àdéhùn tó sọ yín di ayálégbé, “tenancy” ni wọ́n ń pè é. Torí náà, tí ẹ bá fẹ́ kọ lẹ́tà sí onílé tàbí sí lọ́yà rẹ̀, ẹ kọ ọ́ báyìí: “I wish to renew my tenancy for another year.” Ẹ kíyè sí “for another year” tó wà nípàrí. “Renew” fẹ́ràn kí a sọ iye àkókò tí a ń fi kún un, “for” ló sì máa ń ṣáájú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí tẹlifóònù, torí ibẹ̀ ni àìgbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti ń náni lówó. Ẹ ra dátà. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, iṣẹ́ ránṣẹ́ kan wọlé: “Your plan will renew automatically on 5 June.” Ẹni tó bá fi “sọ di ọ̀tun” túmọ̀ rẹ̀ lè rò pé wọ́n fẹ́ ṣe òun lóore, pé dátà òun fẹ́ di ọ̀tun lọ́fẹ̀ẹ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí gbólóhùn yẹn ń sọ ni pé ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà, wọn yóò tún yọ owó yín láti fi ra dátà irú èyí tí ẹ rà tẹ́lẹ̀, yálà ẹ sọ pé ẹ fẹ́ tàbí ẹ kò sọ.

Ẹ wo bí gírámà gbólóhùn náà ṣe rí. Nínú “I renewed my licence”, “I” ni olùwà, “my licence” ni àbọ̀. Ẹni tó ṣe é wà níbẹ̀, ohun tó ṣe é sí wà níbẹ̀. Bí “renew” ṣe sábà máa ń rìn nìyẹn. Nínú gbólóhùn tẹlifóònù, “your plan” ti di olùwà, kò sí àbọ̀, kò sì sí ènìyàn kankan níbẹ̀. Bí ẹni pé dátà ló ń ra ara rẹ̀. Gírámà rẹ̀ tọ̀nà, Òyìnbó ń lò ó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ẹ rí ohun tó gbé pa mọ́: ẹni tó ń yọwó kò hàn, ẹni tí wọ́n ń yọwó rẹ̀ kò hàn. Nígbàkígbà tí ẹ bá rí “renew” tàbí “renews” tí ẹ kò rí ènìyàn nídìí rẹ̀, ẹ dúró, kí ẹ bèèrè pé owó ta ni. Ẹ tún wá ọ̀rọ̀ méjì yìí kiri nínú iṣẹ́ ránṣẹ́ náà: “unless” àti “cancel”. “It will renew unless you cancel.” Yóò máa lọ bẹ́ẹ̀ àyàfi tí ẹ bá dá a dúró. Àìfèsì yín, “bẹ́ẹ̀ ni” ni wọ́n kà á sí. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ fẹ́ rà, èyí tí wọ́n bá kọ “one-time” tàbí “one-off” sí lára ni kí ẹ mú. Àwọn ètò wíwo fíìmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ fún oṣù kan náà ń lo gbólóhùn yìí, kò sì sí ibi tí lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ ọ́ ti máa ń tóbi.

Tí ẹ bá ń gbọ́ ìròyìn lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ óò tún pàdé rẹ̀ lọ́nà mìíràn: “renewed fighting”, “renewed attacks”. Ìjà tó ti rọlẹ̀ ló tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ kò gbọdọ̀ rò pé “renew” jẹ́ ọ̀rọ̀ ire nìkan. Ohun tó ti wà tẹ́lẹ̀ ló ń bá ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ ibi ló ti wà, ibi náà ni yóò tún fún lágbára. Ogun lè di “renewed”, ọ̀rẹ́ lè di “renewed”. Ìrètí náà lè rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Bọ́lá Ahmed Tinúbú ń du ipò ààrẹ sílẹ̀ de ìdìbò 2023, “Renewed Hope” ni àkọlé ètò rẹ̀. Àwọn tó dàgbà tó láti rántí ìdìbò ọdún 1993 mọ̀ pé “Hope ’93” ni olóyè M.K.O. Abíọ́lá lò. “Renewed” kò lè dá dúró láìsí ìrètí kan tó ti ṣáájú. Gírámà ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ń ní kí ẹni tó gbọ́ ọ bojú wẹ̀yìn.

Ọ̀pọ̀ yín tó jẹ́ onígbàgbọ́ ti ń dúró kí n dé orí Bíbélì. Mo ti dé ibẹ̀. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti Ọba James, tí wọ́n tẹ̀ ní 1611, lo “renew” fún okun nínú Aísáyà orí 40 ẹsẹ 31. Ó lò ó fún ìgbà èwe nínú Sáàmù 103 ẹsẹ 5. Ó lò ó fún ọkàn nínú Sáàmù 51. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà nísàlẹ̀ kò dọ́gba. Nínú Sáàmù méjèèjì, ọ̀rọ̀ tó jáde láti inú “tuntun” ni wọ́n lò. Nínú Aísáyà, ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí pípààrọ̀ ni, ọ̀rọ̀ kan náà tí Jẹ́nẹ́sísì orí 41 lò nígbà tí Jósẹ́fù jáde kúrò lẹ́wọ̀n tó sì pààrọ̀ aṣọ rẹ̀ kó tó lọ síwájú Fáráò. Nítorí náà, ẹni tí Aísáyà ń sọ nípa rẹ̀ bọ́ àárẹ̀ sílẹ̀, ó gbé okun wọ̀. Inú mi máa ń dùn tí mo bá ṣí Bíbélì Yorùbá àtijọ́ níbi méjèèjì: “tún ṣe” ni olùtumọ̀ lò fún okun nínú Aísáyà, “di ọ̀tun” ló lò fún ìgbà èwe nínú Sáàmù 103. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti fi ọ̀rọ̀ kan bo méjèèjì, Yorùbá fi ààlà sí i.

Ẹyẹ idì wà nínú ẹsẹ Bíbélì méjèèjì yẹn, ìtàn kan sì wà tí wọ́n ń sọ nípa ẹyẹ yìí káàkiri ṣọ́ọ̀ṣì àti lórí WhatsApp, tí mo fẹ́ kí a yanjú lónìí. Wọ́n ní bí idì bá pé 40 ọdún, àgógó ẹnu rẹ̀ á ti tẹ̀, èékánná rẹ̀ á ti rọ̀. Yóò wá fò lọ sórí òkè, yóò máa gbá ẹnu mọ́ àpáta títí àgógó náà á fi já, yóò fa èékánná rẹ̀ tu, yóò fa ìyẹ́ rẹ̀ tu, yóò jókòó fún oṣù márùn-ún kí òmíràn tó hù, yóò sì tún lo 30 ọdún sí i. Ẹ̀yin ará, irọ́ ni. Ẹyẹ tí kò ní àgógó kò lè jẹun. Ebi á ti pa á kí oṣù kan tó pé. Idì olórí funfun ti Amẹ́ríkà, ẹni ọdún 20 sí 30 ni èyí tó bá pẹ́ láyé nínú igbó. Èyí tó pẹ́ jù tí àwọn onímọ̀ rí àkọsílẹ̀ rẹ̀ láàárín àwọn tó ń gbé inú igbó, ọdún 38 ló gbé. Kò sí 70 ọdún níbì kankan.

Òtítọ́ tó wà níbẹ̀ sì lẹ́wà ju ìtàn náà lọ. Idì ń pa ìyẹ́ dà. Kì í pa gbogbo rẹ̀ dà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀kan á bọ́ lápá ọ̀tún, ọ̀kan á bọ́ lápá òsì, òmíràn á hù, wọ́n á tún bọ́ níbòmíràn, ó sì lè gba ju ọdún kan lọ kí ó tó kárí. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹyẹ náà ń fò, ó ń dọdẹ, ó ń bọ́ ọmọ rẹ̀. Àgógó rẹ̀ pẹ̀lú ń hù láìdúró, bí ó ṣe ń jẹ́ níwájú ló ń yọ lẹ́yìn. Ẹyẹ kan náà ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí àpẹẹrẹ “renew” tí mo mọ̀ tó dára ju èyí lọ, ó sì dùn mí pé ìtàn ẹyẹ tó ń fọ́ ẹnu ara rẹ̀ mọ́ àpáta ló gbilẹ̀ láàárín wa.

Ká kúrò lórí ẹyẹ, mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí “urban renewal”, ìyẹn “renewal” tí wọ́n ní àwọn ń ṣe fún ìlú. Mo ti sọ pé ilé jẹ́ ti “renovate”. Èyí ni ibi tí “renewal” ti wọ ọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀, ìtàn ló sì gbé e wọ̀ ọ́. Ní Amẹ́ríkà, òfin ilé gbígbé ọdún 1949 pèsè owó ìjọba àpapọ̀ láti wó àwọn àdúgbò tí wọ́n kà sí ẹgẹrẹmìtì. Òfin ọdún 1954 tó tẹ̀ lé e ló mú kí “urban renewal” di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ènìyàn. Nígbà tí yóò fi di 1963, òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú nnì, James Baldwin, ti ń sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé lílé àwọn aláwọ̀ dúdú kúrò nílé wọn ni ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí.

Èkó náà ní tirẹ̀. Àjọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Lagos Executive Development Board, tí ìjọba amúnisìn dá sílẹ̀ ní 1928 lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn nílùú náà. Láti 1955 ni àjọ yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé láàárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó. Agboolé tí bàbá ńlá kọ́, tí ọmọ, ọmọ ọmọ, ìyàwó ilé àti arúgbó jọ ń gbé, ni wọ́n wó. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lọ sí Surulérè, tó jìn sí ọjà nígbà náà. Peter Marris, onímọ̀ ará Britain kan, lọ bá àwọn ènìyàn yẹn sọ̀rọ̀, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1961. Ohun tó rí ni pé owó ọkọ̀ ń jẹ owó ọjà, àwọn obìnrin tó ń tajà níwájú ilé wọn tẹ́lẹ̀ pàdánù oníbàárà, àwọn ẹbí tó ń bá ara wọn jẹun lójoojúmọ́ kò ríra mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ilé tí wọ́n kó wọn lọ dára, kò sí àríyànjiyàn lórí ìyẹn. Ọ̀nà gbòòrò wà, omi wà.

Ẹ wá fi òfin tí a fi bẹ̀rẹ̀ wọ̀n ọ́n. “Renew” ń fún ohun tó ti wà ní agbára láìsọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Bí a bá wó àdúgbò, tí àwọn tó ni ín kò padà síbẹ̀, tí ọ́fíìsì àti ṣọ́ọ̀bù sì hù lórí ilẹ̀ náà, ohun mìíràn ni a fi dípò ohun tó wà. Ó ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, “replacement” ni. Ní tèmi, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lo “renewal” fún ìlú, ó gbọ́dọ̀ lè fi àwọn ará ibẹ̀ hàn wá lẹ́yìn iṣẹ́. Bí ìjọba kan bá sọ lónìí pé òun fẹ́ ṣe “urban renewal” ládùúgbò yín, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè náà, ẹ bèèrè pé ta ni yóò wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ bá parí.

“Renewable” kò ní pẹ́ wa. “Able” tó gbẹ̀yìn rẹ̀ ló ń sọ pé ó ṣeé ṣe. Físà “non-renewable” ni èyí tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé tí kò ní àfikún. Nínú “renewable energy”, agbára tí ìṣẹ̀dá ń dá padà bí a ṣe ń lò ó ni: oòrùn, afẹ́fẹ́, omi tó ń ṣàn. Ìdídò Kàìnjì tí wọ́n ṣí ní 1969 ń fi omi Odò Ọya ṣe iná mànàmáná. Òjò tó bá rọ̀ lókè odò ló ń dá omi náà padà. Epo rọ̀bì kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Oloibiri, níbi tí wọ́n ti rí epo ní 1956, wọ́n fà á títí di 1978, wọ́n sì pa ibẹ̀ tì. Ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún ni ilẹ̀ fi ṣe epo yẹn, kò sì sí ẹni tó lè dúró dè é kó tún ṣe òmíràn. Ti igi ìdáná wà láàárín méjèèjì. Bí a bá ń gbìn bí a ṣe ń gé, “renewable” ni. Bí a bá kàn ń gé, orúkọ yẹn kò tọ́ sí i.

Kí n tó jẹ́ kí ẹ lọ, àwọn ohun kan wà tí mo ń gbọ́ lẹ́nu wa. “Renew it again” pọ̀ jù. “Re” ti sọ “tún” ná. Àyàfi tó bá jẹ́ pé ẹ ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ tún fẹ́ ṣe é ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹ yọ “again” kúrò. “Renew back” kò sí rárá. “Extend” sì máa ń dàpọ̀ mọ́ ọn, pàápàá nínú ìròyìn bọ́ọ̀lù. “Extend” ń fa àdéhùn tó ṣì ń lọ gùn sí i. “Renew” ń bẹ̀rẹ̀ sáà mìíràn lórí àdéhùn kan náà nígbà tí sáà àkọ́kọ́ parí. Àwọn akọ̀ròyìn bọ́ọ̀lù kì í fi bẹ́ẹ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀, lọ́yà máa ń yà wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká fi mẹ́ta dán ara wa wò. Gíláàsì fèrèsé fọ́, ẹ ra òmíràn fi síbẹ̀: kí lẹ ṣe sí gíláàsì náà? “Replace.” Ìjọ yín tún ògiri ṣọ́ọ̀ṣì rẹ́, wọ́n kùn ún, wọ́n pààrọ̀ òrùlé: “renovate”. Bàbá méjì tí wọ́n jọ jókòó ní kíláàsì nígbà èwe wọn pàdé lẹ́yìn 40 ọdún, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí pe ara wọn lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Sátidé: “They renewed their friendship.”

Ẹ̀yin náà ẹ kọ gbólóhùn tiyín sílẹ̀, kí ẹ fi “for” sọ iye àkókò nínú ó kéré tán ọ̀kan. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nírú àkókò yìí, “restore” ló kàn.